Àbùùbùtán àti Àwọn Alóre Erékùṣù Azores

Orúkọ tí àwọn baba wa fún ẹran ńlá inú òkun jẹ́ orúkọ tí ó yẹ kí òpìtàn fi ara balẹ̀ wò. Àbùùbùtán ni wọ́n pè é, èyí tí a bù, tí a tún bù, tí kò sì tán. Lójú tèmi, ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò rí i láàyè ní agbami. Òkú rẹ̀ tí ìgbì gbé jù sí etíkun ni ó rí, tí tọmọdé tàgbà fi ọ̀bẹ àti àdá bò ó, tí wọ́n bù ú títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ tí ẹran ṣì kù. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa dé orí kìíní Ìwé Jẹ́nẹ́sísì, erinmi ni wọ́n fi sí àyè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni erinmi kì í ṣe ẹran òkun, odò ni ó ń gbé, koríko ni ó sì ń jẹ. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ohun tí ojú ènìyàn kì í rí ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, tí ẹ̀yìn náà kì í sì í pẹ́ lójú omi kí ó tó rì, ó ṣòro láti sọ lórúkọ, ó sì tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ láti kà.

Ọ̀rọ̀ kíkà yìí ni mo fẹ́ kọ lé lórí. Ta ni ó kọ́kọ́ dá àwọn àbùùbùtán mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn? Ta ni ó kọ́kọ́ ka iye wọn, kí sì ni ó ń wá tí ó fi ń kà wọ́n? Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n kó kámẹ́rà àti ẹ̀rọ agbóhùn wọ inú ọkọ̀. Ìdajì òótọ́ ni. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n fẹ́ràn ìtàn ọdẹ òkun àtijọ́ débi pé wọ́n gbà pé kò sí ohun tí àwọn ọdẹ náà kò mọ̀. Ìdajì òótọ́ ni èyí náà, ìdajì méjèèjì kò sì para pọ̀ di odindi. Erékùṣù Azores ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí pé níbẹ̀ ni ọdẹ àti onímọ̀ ti pàdé lójúkojú, tí ọ̀kan sì fi iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́.

Erékùṣù 9 ni wọ́n, abẹ́ ìjọba Potogí ni wọ́n sì ti wà láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Inú agbami Atlantic gan-an ni wọ́n dá wà sí. Láti Lisbon dé São Miguel nìkan tó nǹkan bí kìlómítà 1,400. Òkè ayọnáyèéfín ni ó ti ìsàlẹ̀ òkun hù jáde tí ó di ilẹ̀. Òkè Pico, tí ó wà ní erékùṣù tí ń jẹ́ orúkọ kan náà, ga ní mítà 2,351, kò sì sí òkè tí ó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ Potogí. Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ wa nínú èyí ni pé bí òkè náà ti dà gẹ̀rẹ́ lókè ni ó ṣe dà gẹ̀rẹ́ lábẹ́ omi. Ní etíkun tiwa, ènìyàn ní láti wa ọkọ̀ jìnnà kí ó tó kúrò lórí omi tí kò jìn. Ní Pico, kìlómítà díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé apẹja, omi ti jìn ju mítà 1,000 lọ.

Irú omi bẹ́ẹ̀ ni àbùùbùtán tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní cachalote fẹ́ràn. N óò máa pè é ní àbùùbùtán olórí-ńlá, nítorí pé orí rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ara rẹ̀. Akọ rẹ̀ a máa gùn tó mítà 16, abo rẹ̀ a tó mítà 11. Ẹran omi aláìléegun kan, alápá mẹ́wàá, tí ń gbé nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ òkun, ni oúnjẹ rẹ̀, a sì máa lo ìṣẹ́jú 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ omi kí ó tó jáde wá mí. Kì í ṣe ẹja. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná, ó ń fún ọmọ lọ́mú, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń mí bíi tiwa. Bí kò bá jẹ́ ti èémí yìí, bóyá ni à bá mọ̀ pé ó wà.

Láti ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn ọkọ̀ ọdẹ Amẹ́ríkà, láti Nantucket àti lẹ́yìn náà láti New Bedford, ti ń yà sí èbúté Horta ní erékùṣù Faial. Omi, ewébẹ̀ àti ènìyàn ni wọ́n ń wá. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin erékùṣù náà ń bá wọn lọ nítorí pé ilẹ̀ kò tó, nítorí pé wọ́n sì ń sá fún iṣẹ́ ológun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà mọ́. Àwọn tí ó padà mú iṣẹ́ ọdẹ náà wálé. Ìdílé Amẹ́ríkà kan, ìdílé Dabney, ni ó ń ṣe aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè wọn ní Horta láti 1806 títí di 1892, ọwọ́ wọn sì ni ọ̀pọ̀ nínú òwò òróró náà gbà kọjá.

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀ ìrìnàjò. Mo rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè dókítà ní òkè òkun, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ní etí ojú ewé, akọ̀wé ọkọ̀ a máa fi òǹtẹ̀ onígi tẹ àwòrán àbùùbùtán: odindi ara fún èyí tí wọ́n pa, ìrù nìkan fún èyí tí ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nínú àwòrán odindi náà ni wọ́n ti ń kọ iye àgbá òróró tí wọ́n rí gbà lára rẹ̀. Kò sí ohun tí ó fi èrò ọkàn wọn hàn tó èyí. Ẹran náà ti di àgbá kí tàdáwà tó gbẹ.

Síbẹ̀, inú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ti jáde. Ní 1851, Matthew Fontaine Maury, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà, fi àkọsílẹ̀ àwọn atukọ̀ ya máàpù tí ó fi ibi tí àbùùbùtán pọ̀ sí hàn. Ní 1935, Charles Haskins Townsend ṣe èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó kó àkọsílẹ̀ ìrìnàjò tí ó ju 1,600 lọ jọ, ó sì fi àmì sí ibi tí ọkọ̀ wà ní ọjọ́ tí wọ́n pa àbùùbùtán. Iye ẹran tí ó wọ inú ìṣirò rẹ̀ ju 50,000 lọ. Àmì pọ̀ ní àyíká Azores. Àmì wà pẹ̀lú ní òkun Guinea, ní agbègbè São Tomé àti Annobón, níbi tí àwọn àbùùbùtán abuké ti ń wá bímọ láti inú omi tútù gúúsù. Ìyẹn ni pé ìwé àwọn ọdẹ New Bedford mọ ohun kan nípa òkun tiwa tí àwa fúnra wa kò kọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí òpìtàn tó fi ọwọ́ sí máàpù Townsend, ó yẹ kí ó bi í ní ohun tí à ń bi ẹlẹ́rìí gbogbo. Máàpù náà kò fi ibi tí àbùùbùtán wà hàn. Ibi tí ọkọ̀ lọ tí ó sì pa àbùùbùtán ni ó fi hàn. Ibi tí atẹ́gùn kò gbé ọkọ̀ dé, ibi tí òkun ti le jù, ibi tí ọ̀gá ọkọ̀ gbọ́ pé òróró kò sí, gbogbo rẹ̀ funfun láìní àmì. Funfun ojú máàpù kì í ṣe òfo inú òkun. Ẹni tí ó bá ti fi ìwé àwọn oníṣòwò àtijọ́ ṣe ìwádìí lórí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò mọ ohun tí mò ń sọ: ìlú tí kò bá wọn ṣòwò kò sí nínú ìwé wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìlú náà wà, ó lọ́ba, ó lọ́jà.

Ní àwọn ọdún 1850 ni ọdẹ láti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Faial, lẹ́yìn náà ni ó sì tàn dé Pico àti àwọn erékùṣù yòókù. Níhìn-ín ni ìtàn náà ti dùn mọ́ mi jù. Wọn kò nílò ọkọ̀ ńlá tí yóò máa rìn kiri fún ọdún mẹ́ta. Òkè ni wọ́n gùn. Ní góńgó òkè tí ó kọjú sí òkun ni wọ́n kọ́ ilé kékeré kan sí, tí ó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ níwájú. Ẹni tí ó ń jókòó nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní vigia. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu láìsí àfikún: alóre. Kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, alóre ti wà níbẹ̀. Nígbà tí awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn dé, ó gbé e lé ẹsẹ̀ igi, ó sì ń fi ojú gba òkun láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì bí àgbẹ̀ tí ń ro poro, ó tún ń padà, títí di alẹ́.

Bí ó bá rí ohun tí ó ń wá, a yin iná kan tí ń fò, tí yóò sì bú gbàù lójú ọ̀run. Gbogbo abúlé gbọ́. Àgbẹ̀ a sọ ọkọ́ sílẹ̀ láàárín ebè, káfíńtà a fi ayùn sílẹ̀ lára igi, wọn a sì sáré lọ sí etí omi, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi ọdẹ nìkan jẹun láàárín wọn. Ènìyàn 7 ni ó ń wọ ọkọ̀ kan, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn tó nǹkan bí mítà 11, tí ó ní ìgbòkun àti àjẹ̀. Alóre a máa ta aṣọ funfun sórí òkè láti fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ní ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ onímọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn ọkọ̀ alájẹ̀ wọ̀nyí dé ibi iṣẹ́, rédíò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n títí dé òpin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ju ọ̀kọ̀ oníwọ̀.

Èémí ni alóre ń wò. Àbùùbùtán olórí-ńlá ní ihò imú kan ṣoṣo, iwájú orí rẹ̀ gan-an ní apá òsì ni ihò náà wà, nítorí náà èémí rẹ̀ kì í lọ sókè tààrà: iwájú ni ó ń dà sí, ó ń ya sí òsì, kò ga, ó sì fẹ̀ bí ìgbẹ́ kékeré. Ti àbùùbùtán aláwọ̀ aró, tí ó tóbi ju gbogbo ẹran ayé lọ, a máa dúró ṣánṣán bí òpó, a sì ga tó mítà 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí àwọn ọdẹ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní àbùùbùtán yíyẹ, ìyẹn ni èyí tí ó yẹ ní pípa, nítorí pé ó lọ́ra, ó sanra, òkú rẹ̀ kì í sì í rì, èémí tirẹ̀ a máa pín sí méjì bí ẹ̀ka igi. Alóre kò ka ìwé tí ó kọ́ ọ ní nǹkan wọ̀nyí. Láti orí òkè tí ó jókòó sí, ó lè sọ irú tí ẹran náà jẹ́, ibi tí ó kọjú sí, àti iye tí ó wà nínú agbo. Ó ń ka iye ìgbà tí ẹran náà mí kí ó tó rì, ó sì ń fi èyí díwọ̀n ìgbà tí yóò tún jáde. Ní ilé ìwé gíga wa, ó rọrùn láti gbàgbé irú ọ̀mọ̀wé báyìí. Ọdẹ igbó tiwa tí ó wo ojú ẹsẹ̀ ẹtu nílẹ̀ tí ó sì sọ ìgbà tí ó kọjá, ìmọ̀ kan náà ni.

Síbẹ̀ alóre ní àbùkù tirẹ̀, àbùkù kan náà sì ni pẹ̀lú ti New Bedford. Owó ni ó ń wò. Àwọn àbùùbùtán gbọọrọ kan wà tí wọ́n yára tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ alájẹ̀ kò lè lé wọn bá, tí wọ́n sì ń rì bí wọ́n bá kú. Bí alóre bá rí wọn, kò yin iná. Kò sí ẹni tí ó fi wọ́n sí ìṣirò. Àbùùbùtán aláwọ̀ aró náà wà lára wọn. Àwọn dọ́lífìnì ńkọ́, àwọn ẹran kékeré inú ẹ̀yà kan náà tí wọ́n ń fò sókè níwájú ọkọ̀? Ojoojúmọ́ ni alóre ń rí wọn, wọn kò sì já mọ́ nǹkan kan fún un. Ẹni tí ó bá gbé ìwé òróró Azores nìkan lé iwájú rẹ̀ yóò rò pé irú kan ṣoṣo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú òkun yẹn.

Ní ìgbà ooru 1949 ni Robert Clarke, onímọ̀ nípa àbùùbùtán láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Azores. Iṣẹ́ tí ó ti di ìtàn ní New Bedford ni ó bá láàyè níbẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀kọ̀ rẹ̀, àti ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnu Potogí ti yí padà. Ìwé tí ó kọ lórí ọdẹ náà jáde ní 1954, èyí tí ó kọ lórí àwọn ẹran náà fúnra wọn sì jáde ní 1956. Ìwé ti 1954 ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó kọ ọ́ ṣùgbọ́n ó ka àwọn alóre àti atukọ̀ sí ẹlẹ́rìí, kò kà wọ́n sí ohun ìwòran. Ó fi okùn wọn ara àwọn ẹran tí wọ́n pa, ó la ikùn, ó wo ohun tí wọ́n jẹ. Nígbà ayé rẹ̀, ọ̀bẹ ni ọ̀nà tí ó dájú jù láti mọ àbùùbùtán.

Bákan náà ni ti ìrìnàjò wọn. Láti bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ogun àgbáyé kejì títí di ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń gbìyànjú láti sàmì sí àbùùbùtán. Èyí tí ó lókìkí jù ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kọ nọ́ńbà sí, tí wọ́n ń fi ìbọn yìn sínú ẹran ara rẹ̀. Kò sí ohun tí irin náà lè sọ àfi bí wọ́n bá pa ẹran náà, tí ẹni tí ń kun ún sì rí i. Azores ní irú àmì bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n pa akọ àbùùbùtán olórí-ńlá kan nítòsí Iceland, wọ́n sì bá ọ̀kọ̀ oníwọ̀ ti Azores nínú ara rẹ̀. Ọdẹ kan ní erékùṣù ti ju ọ̀kọ̀, okùn já, ó ka ẹran náà sí àdánù. Ọ̀kọ̀ yẹn ni ó jẹ́ ẹ̀rí pé akọ tí a rí ní Azores lè lọ títí dé omi tútù àríwá. Abo àti ọmọ kì í bá wọn lọ síbẹ̀, inú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń dúró sí.

Ewu tí ó wà nínú kí a máa gba iye lẹ́nu ẹni tí ń pa kò hàn tán ní Azores, nítorí pé ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ kò gùn. Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọkọ̀ ńlá Soviet ń pa àbùùbùtán ní àwọn òkun gúúsù, wọ́n sì ń fi iye ránṣẹ́ sí Ìgbìmọ̀ Àgbáyé lórí Ọdẹ Àbùùbùtán. Ti àbùùbùtán abuké tí wọ́n kọ ránṣẹ́ kò tó 3,000. Ní 1993 ni Alexey Yablokov, onímọ̀ ọmọ Rọ́ṣíà, bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí náà, tí àwọn tí wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ sì mú ìwé tòótọ́ tí wọ́n fi pamọ́ jáde: iye náà tó nǹkan bí 48,000. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti fi nọ́ńbà èké ṣe ìṣirò kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìṣirò wọn di asán. Orúkọ tí àwọn baba wa fún ẹran náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di irọ́ ní àwọn òkun yẹn; wọ́n bù ú, ó sì kù díẹ̀ kí ó tán.

Ní 1982 ni Ìgbìmọ̀ Àgbáyé dìbò pé kí ọdẹ títà dáwọ́ dúró. Potogí kò tíì sí nínú ìgbìmọ̀ náà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọjà òróró ti kú, ilẹ̀ náà sì ti wọ inú àdéhùn Yúróòpù tí ó dáàbò bo ẹranko. Ọdẹ parí ní Azores ní 1984. Ní 1987 àwọn ọkùnrin Pico tún jáde, wọ́n pa ọ̀kan, ìyẹn ni ó sì ṣe ìkẹyìn.

Ní 1987 yìí kan náà ni ọkọ̀ kékeré kan tí ń jẹ́ Song of the Whale, ti ẹgbẹ́ agbèjà ẹranko IFAW, dé Azores, tí Jonathan Gordon jẹ́ olórí ìwádìí inú rẹ̀. Wọn kò gbé ọ̀kọ̀, etí ni wọ́n gbé wá. Àwọn ọdẹ àtijọ́ ti mọ̀ tipẹ́ pé ohùn kan máa ń wọ inú igi ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá, kọ́-kọ́-kọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ìṣó. Ẹja káfíńtà ni wọ́n ń pe ẹni tí ó ni ín. Ní 1957 ni Worthington àti Schevill tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé sáyẹ́ǹsì pé àbùùbùtán olórí-ńlá ni. Ohùn yìí ni ó fi ń wá oúnjẹ nínú òkùnkùn. Ẹni tí ó bá ju ẹ̀rọ agbóhùn sínú omi lè tẹ̀lé agbo rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí ojú kò rí nǹkan kan.

Ohun kejì ni ìrù. Bí àbùùbùtán olórí-ńlá bá fẹ́ rì lọ sí ìsàlẹ̀, a gbé ìrù sókè pátápátá, etí ìrù náà sì ní géńgé àti ìya tí kò bá ti ẹlòmíràn mu. Ilà ojú tiwa a máa fi ìdílé tàbí ìlú hàn. Ilà etí ìrù yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń fi hàn. Láti àwọn ọdún 1970 ni Roger Payne ti ń fi àmì orí dá àbùùbùtán yíyẹ mọ̀ ní Argentina, tí àwọn mìíràn ń lo ìrù fún abuké, tí Michael Bigg sì ń lo lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn ní Kánádà. Ní àwọn ọdún 1980 ni ọ̀nà yìí kan olórí-ńlá.

Bí a ṣe ń fi fọ́tò kà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ní ọdún kan a ya ìrù 40. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a ya 50, a sì rí i pé 10 nínú wọn wà lára àwọn 40 àtijọ́. Ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tí a rí lẹ́ẹ̀kejì ni a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀; nítorí náà àwọn 40 náà yóò jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo wọn, gbogbo wọn yóò sì jẹ́ nǹkan bí 200. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà gbà pé kò sí èyí tí ó kú, tí ó ṣí lọ tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì gbà pé gbogbo wọn ni ó ń gbé ìrù sókè bákan náà fún kámẹ́rà. Kò sí èyí tí ó rí bẹ́ẹ̀ tán. Ọmọ kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ìrù. Akọ ń kọjá lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà yìí ni pé ó ń jẹ́wọ́ àbùkù rẹ̀, ó sì ń fi ààlà sí iye tí ó dárúkọ: kò dín sí báyìí, kò ju báyìí lọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, alóre ńkọ́? Wọ́n tún gbà á síṣẹ́. Nígbà tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó láti wá wo àbùùbùtán láàyè, àwọn ọlọ́kọ̀ rí i pé kò sí ẹ̀rọ tí ó mọ òkun náà tó ọkùnrin tí ó ti jókòó tì í láti ọdún pípẹ́. Ilé ìṣọ́ Queimada, ní òkè ìlú Lajes ní Pico, ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohun gbogbo ni wọ́n ń sanwó fún un láti rí báyìí: èyí tí ó yára, èyí tí ń rì, dọ́lífìnì kékeré. Àwọn onímọ̀ náà gba ọ̀nà yìí. Ìwádìí tí Mónica Silva àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2014 lo ohun tí àwọn olùwòye rí láti inú ọkọ̀ apẹja láàárín 1999 àti 2009, pẹ̀lú ohun tí àwọn mìíràn rí láti orí ilẹ̀. Irú tí ó ju 20 lọ ni a ti rí ní òkun tí ìwé òróró sọ pé irú kan ṣoṣo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Ní 2013 Silva kan náà ti fi hàn, nípa ẹ̀rọ kékeré tí a fi sí ẹ̀yìn wọn, pé àbùùbùtán aláwọ̀ aró àti àwọn gbọọrọ tí ó yára máa ń dá ìrìnàjò wọn dúró ní Azores ní ìgbà ìrúwé láti jẹun kí wọ́n tó máa bá ọ̀nà àríwá lọ. Iwájú ojú alóre ni wọ́n ti ń jẹun, ní ọdún tí kò yin iná.

Ti dọ́lífìnì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ yóò fẹ́ mọ bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan wà tí àwọ̀ ìhà rẹ̀ kọ ara wọn lágbèéléébú bí ìdí ìlù àdàmọ̀ méjì tí a kọjú pọ̀, ó wà níbẹ̀ yípo ọdún. Òmíràn ní àmì tótòtó, ìgbà ooru ni ó ń dé, a sì máa ń bí ọmọ rẹ̀ láìní tótò kankan, tí ọ̀pọ̀ àlejò fi ń rò pé irú méjì ni wọ́n rí. Ẹ̀kẹta, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní moleiro, dúdú eérú ni lọ́mọdé, àpá eyín ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sọ ọ́ di funfun bí ó ti ń dàgbà. Ìṣòro tí ó wà nínú kíka dọ́lífìnì ni pé púpọ̀ nínú wọn fẹ́ràn ọkọ̀. Wọn a sá tọ̀ ọ́ wá, wọn a máa ṣeré níwájú rẹ̀, ẹni tí ń kà a sì rò pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo.

Òdìkejì èyí ni àwọn àbùùbùtán ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Wọ́n ń sá fún ọkọ̀, wọ́n ń pẹ́ lábẹ́ omi, wọ́n sì jọra débi pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé pé "ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni, n kò mọ irú rẹ̀." Mo ti gbọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kò yé e. Ẹni tí ó bá fi orúkọ àròsọ dí àyè náà ti ba ìwé jẹ́ fún gbogbo ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn rẹ̀. Georges Cuvier fúnra rẹ̀, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹranko ilẹ̀ Faransé, sọ irú wọn kan lórúkọ ní 1823 láti ara agbárí kan ṣoṣo, ó sì gbà pé ẹran tí ó ti parẹ́ láyé ni. Ẹran náà wà láàyè ní òkun gbogbo, àfi àwọn tí ó tutù jù. Ó wà ní Azores lónìí.

Ẹlẹ́nu ṣóńṣó mìíràn wà tí ó gba orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ní 1913, láti ọwọ́ Frederick True ti Amẹ́ríkà. Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, òkú tí ìgbì gbé sí etíkun ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn onímọ̀ fi mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí mo ti rò pé ó rí fún ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ àbùùbùtán lórúkọ ní èdè wa. Ní 2017 ni a tẹ fíìmù àkọ́kọ́ tí ó fi í hàn láàyè lábẹ́ omi jáde. Àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n wà lórí ìrìnàjò ẹ̀kọ́ ni wọ́n yà á, nínú omi jíjìn tí kò jìnnà sí etíkun Pico.